Ìka Wo Ló Ṣẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Òwe yìí rọrùn láti lò nígbà tó bá jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló jalè, tí ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́ níbi tó ti ń jí i. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ kan bá ti ọwọ́ ogún ènìyàn kọjá kó tó bàjẹ́ ńkọ́? Bí ẹ̀rọ bá tún wà láàárín wọn ńkọ́? Bí ẹni tó ba iṣẹ́ náà jẹ́ kò bá ní èrò ibi kankan lọ́kàn, tó kàn jẹ́ pé kò mọ iṣẹ́ náà ṣe, ṣé a ó gé ìka òun náà?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyí, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kì í sì í ṣe ìbéèrè inú kíláàsì lásán. Ọ̀rọ̀ ìbò ni mo fẹ́ sọ. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ìbò, ojú olóṣèlú ni gbogbo wa máa ń wò: ta ló gbé àpótí sá lọ, ta ló pín owó, ta ló ní kí ará ìlú "dìbò kí o sebẹ̀". A kì í sábà wo ẹni tó jókòó sẹ́yìn tábìlì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwa gan-an ni ẹni tó jókòó sẹ́yìn tábìlì yẹn.

Ẹ gbọ́ ná. Nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 2023, ibùdó ìdìbò 176,846 ni àjọ elétò ìdìbò, INEC, là kalẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Orúkọ tó wà nínú ìwé àwọn olùdìbò lé ní mílíọ̀nù 93. Òṣìṣẹ́ tí àjọ náà ń san owó oṣù fún kò lè kárí gbogbo ibùdó yìí láéláé. Àwọn tí wọ́n gbà fún iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ló ń ṣe é, wọ́n sì lé ní mílíọ̀nù kan lọ́dún náà. Àwọn wo? Àwọn agùnbánirọ̀, àwọn tó ti sin ilẹ̀ baba wọn tán, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó ń ka ìwé yìí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lónìí, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi gbé ẹ̀rọ kan lé e lọ́wọ́, tí wọn yóò ní, "Presiding Officer, ó yá, èrò ti pọ̀ níta."

Ṣé ó mọ̀ ọ́n lò? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2015, wọ́n kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ tó ń ka káàdì nínú ìbò àpapọ̀ wa. Ààrẹ ìgbà náà, Goodluck Jonathan, àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí ibùdó wọn ní Otuoke, ní ìpínlẹ̀ Bayelsa. Wọ́n tẹ ìka, ẹ̀rọ kọ̀. Wọ́n gbé òmíràn wá, òun náà kọ̀. Nígbẹ̀yìn, bírò àti ìwé ni wọ́n fi ṣe é fún Ààrẹ, gbogbo ayé sì ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibùdó lọ́jọ́ náà, débi pé ní àwọn ibì kan, ọjọ́ kejì ni wọ́n tó dìbò tán. Nígbà tí àjọ INEC máa ṣàlàyé ohun tó fà á, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ kan kò bó ọ̀rá tín-ínrín tó wà lójú ibi ìtẹ̀ka kúrò.

Ọ̀rá o! Irú ọ̀rá tí a máa ń bó kúrò lójú fóònù tuntun. Owó ńlá ni wọ́n ná lórí ẹ̀rọ, ọkọ̀ òfúrufú gbé e wá, ọlọ́pàá sìn ín dé ibùdó, ọ̀rá tí kò nípọn tó awọ àlùbọ́sà sì bò ó lójú. Kò sí olóṣèlú tó fi owó ra ẹni tó gbàgbé ọ̀rá yẹn. Kò sí jàǹdùkú tó yọ ọ̀bẹ sí i. Ó lè jẹ́ pé ó gbàdúrà kó tó kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró nínú oòrùn títí ó fi sú u, tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìbò tirẹ̀ ti lọ. Ní ti ẹni yẹn, kí ni ìyàtọ̀ láàárín òṣìṣẹ́ tí kò mọṣẹ́ àti olè tó gbé àpótí?

Mo mọ ohun tí ẹnìkan á sọ. Á ní, "Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ jàre, kò mọ̀ ni. Àṣìṣe yàtọ̀ sí àmọ̀ọ́mọ̀ṣe." Mo gbà. Yorùbá kì í fi ìyà àmọ̀ọ́mọ̀ṣe jẹ ẹni tó ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n nǹkan kẹta wà láàárín àwọn méjèèjì tí a kì í sábà dárúkọ: kí ènìyàn mọ̀ pé òun kò mọ̀, kó sì gba iṣẹ́ náà.

Ẹ wo ọ̀dọ̀ télọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá kò ní fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà lónìí. Bébà sìmẹ́ǹtì ni wọ́n máa fún un, kó máa gé e, kó máa bà á jẹ́, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ ibi tí sákíṣọ́ọ̀sì ń lọ. Ẹ wo ọ̀dọ̀ babaláwo. Ọdún gbọọrọ ni ọmọ awo fi ń kọ́ Ifá kí wọ́n tó gbà á láyè láti dá a fún ẹlòmíràn. Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe pé ọmọ iṣẹ́ jẹ́ ènìyàn burúkú. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Aṣọ oníbàárà ni. Ọ̀rọ̀ ayé ẹlòmíràn ni. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá sì já wọ inú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ọ̀gá kò sí, tó gé léèsì ìyàwó sí wẹ́wẹ́, kò sí ẹni tó máa gbà á lẹ́nu rẹ̀ pé, "Mi ò mọ̀ ni." Wọ́n á bi í pé, "Nígbà tó o mọ̀ pé o ò mọ̀, ta ló ní kó o gé e?"

Léèsì sì ṣeé rà padà. Ìbò tó bàjẹ́, ọdún mẹ́rin ni a ó fi wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé ìgbà wo ni òṣìṣẹ́ yẹn ṣẹ̀, mi ò ní sọ pé ọjọ́ ìdìbò ni. Ó ti ṣẹ̀ ṣáájú. Ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló ṣẹ̀, nígbà tó kọ orúkọ sílẹ̀ láàárọ̀, tó sì wá ibòmíràn gbà títí di ìgbà tí wọ́n ń pín owó oúnjẹ. Ó ṣẹ̀ nígbà tó jókòó sẹ́yìn, tó ń tẹ fóònù, tó ní "kí ló le níbẹ̀, ṣebí bí fóònù náà ló ṣe rí." Àwa ọ̀dọ́ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. A rò pé nítorí pé a lè fi Facebook ṣeré, kò sí ẹ̀rọ tó lè rú wa lójú.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká gé ìka ọmọdé nìkan. Bí wọ́n bá kó ọgọ́rùn-ún ènìyàn sínú gbọ̀ngàn kan, tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo wà níwájú, tí olùkọ́ ń gbé e sókè bí ẹni ń fi ọmọ tuntun han ẹbí, àwọn tó wà lẹ́yìn kò kẹ́kọ̀ọ́ kankan, ìran ni wọ́n wò. Ẹni tó ṣètò irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, tó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti kọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ìka tirẹ̀ náà ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ẹnu kọ́ni. Ọwọ́ ló ń kọ́ ọ.

Kí ni ó tilẹ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ yìí tó fi ṣe pàtàkì? Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní BVAS ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn. Ọdún 2021 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀nà méjì ló fi ń dá ènìyàn mọ̀: ìka, àti ojú. Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo ìyá àgbà kan tó ń ta èlùbọ́. Ó ti fi ogójì ọdún dáko, ó ti fi bó iṣu, ó ti fi ko iná. Ìlà ọwọ́ rẹ̀ ti pa rẹ́. Ó tẹ àtàǹpàkò, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ìlànà tí INEC gbé jáde ní ọdún 2022 ni pé bí ẹ̀rọ kò bá dá ìka ènìyàn mọ̀, tí kò sì dá ojú rẹ̀ mọ̀, kò ní lè dìbò. Ní báyìí, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ló kù tí ìyá náà gbójú lé.

Òṣìṣẹ́ kan á ní, "Mama, ẹ̀rọ ò mọ̀ yín o. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́." Ó tán.

Òṣìṣẹ́ kejì á ní, "Mama, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìdúró. Ẹ jẹ́ kí n nu ìka yín. Ẹ gbìyànjú èyí ná. Kò burú, ẹ fún mi ní ọwọ́ kejì. Ó dáa, ẹ má bínú, ẹ ṣí gèlè yín sókè díẹ̀, ẹ kọjú síbí tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ wo ojú ibí yìí." Ẹ̀rọ á dún, ìyá á dìbò.

Ẹ̀rọ kan náà ni. Òfin kan náà ni. Olóòótọ́ ni àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó gba owó nínú wọn. Síbẹ̀, ọ̀kan gba ẹ̀tọ́ ìyá náà lọ́wọ́ rẹ̀, èkejì fi lé e lọ́wọ́. Mo sì ń ronú sí gbólóhùn yẹn, "ẹ̀rọ ò mọ̀ yín." Ọ̀rọ̀ ńlá ni láti sọ fún àgbàlagbà nínú ìlú tí wọ́n ti bí i, níbi tí gbogbo ọmọ àdúgbò ti ń pè é ní Ìyá. Ẹ̀rọ kò mọ ẹnikẹ́ni rí. Ènìyàn ló ń mọ ènìyàn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè: ìdí tí wọ́n fi fi ọmọdé sídìí ẹ̀rọ nìyẹn, kó lè bá àgbà mú ohun tó wà nínú kèrèǹgbè, kì í ṣe kó fi kèrèǹgbè lé àgbà lọ.

Ohun kékeré mìíràn tún wà. BVAS kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti yẹ olùdìbò wò. Orúkọ àwọn ará ibùdó kọ̀ọ̀kan ti wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi èsì ránṣẹ́ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kàn wọ́n. Òṣìṣẹ́ tí kò mọ èyí lè dá ìlà dúró ní wákàtí kan, kó ní "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí." Àwọn tó wà lórí ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn: ẹgbẹ́ wo ló san owó fún eléyìí? Irọ́ kò tíì sí níbẹ̀ o, àìmọ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ ti bí ìfura, ìfura sì lè bí ìjà.

Àwọn mìíràn á ní gbogbo àlàyé yìí ti pọ̀ jù. Wọ́n á ní ẹ̀rọ ni kí wọ́n ṣáà rà sí i, nítorí ẹ̀rọ kì í gba rìbá. Mi ò kó ọ̀rọ̀ wọn dànù. Kí ẹ̀rọ tó dé, ènìyàn lè jókòó sínú yàrá, kó máa tẹ ìka sórí ìwé ìbò títí ilẹ̀ á fi mọ́. Òfin ìdìbò ọdún 2022 sọ pé bí ìbò bá ti pọ̀ ju iye ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò lọ ní ibùdó kan, wọ́n gbọ́dọ̀ fagi lé ti ibùdó náà. Ẹ̀rọ ló ń ka iye yẹn. Ìtẹ̀síwájú ńlá ni.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa níbí, ní Ọ̀ṣun. Lẹ́yìn ìbò ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 2022, INEC kéde pé Adémọ́lá Adélékè ní ìbò 403,371, Gbóyèga Oyètọ́lá sì ní 375,027. Oyètọ́lá gba kọ́ọ̀tù lọ, ó ní ìbò pọ̀ ju iye ènìyàn lọ ní ọ̀pọ̀ ibùdó. Ẹ̀rí wo ló mú dání? Ìwé àkọsílẹ̀ BVAS tí INEC fúnra rẹ̀ fún un. Ẹ̀rí wo ni INEC mú wá láti fi takò ó? Ìwé àkọsílẹ̀ BVAS mìíràn. Àjọ náà ní nígbà tí àwọn fi ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ ló ti dé orí server. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà gba ìwé àkọ́kọ́ gbọ́, wọ́n ní Oyètọ́lá ló wọlé. Ní oṣù kẹta, kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i padà. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí i pé Adélékè ni, wọ́n sì ní ẹ̀rọ BVAS gan-an ló yẹ kí olùpẹ̀jọ́ gbé wá sí kọ́ọ̀tù, kì í ṣe ìwé tí wọ́n yọ láti orí server.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ẹnu méjì. Ẹ̀rọ kò purọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń dúró de ènìyàn tó máa fi ránṣẹ́, tó máa ṣọ́ ọ dé ibi tó ń lọ, tó sì máa mọ̀ bóyá ó dé tàbí kò dé. Ipò gómìnà ìpínlẹ̀ kan rọ̀ sórí òkùn láti oṣù keje títí di oṣù karùn-ún nítorí ọ̀rọ̀ "ó ti dé" àti "kò tíì dé".

Ti ìbò ààrẹ ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023 tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. INEC ti ṣèlérí pé bí wọ́n bá ti ka ìbò tán ní ibùdó, òṣìṣẹ́ á fi BVAS ya fọ́tò ìwé èsì, á fi ránṣẹ́ sí ojú òpó IReV kí gbogbo ayé lè rí i. Lálẹ́ ọjọ́ náà, èsì ti àwọn aṣòfin ń wọlé, ti ààrẹ kọ̀. Àlàyé tí àjọ náà ṣe lẹ́yìn náà ni pé wọ́n ti to àwọn ìbò yòókù sábẹ́ ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo orílẹ̀-èdè ni àgbègbè ìdìbò ààrẹ, kò sí lábẹ́ ìpínlẹ̀ kankan. Ètò orí kọ̀ǹpútà kò wá rí ibi tó máa fi èsì ọ̀hún sí.

Ẹ jẹ́ ká tún bèèrè: ìka wo ló ṣẹ̀? Dájúdájú, kì í ṣe ti agùnbánirọ̀ tó wà ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ìkòròdú, tó ń tẹ bọ́tìnnì títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ọ̀dọ̀ àwọn tó to ètò lókè ni ó ti bẹ̀rẹ̀, lára wọn ni ó sì yẹ kó dúró. Ṣùgbọ́n òun ni ojú ìlú wà lára rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n rí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún náà pé àìrí èsì lórí IReV kò tó láti fagi lé ìbò. Òfin ti sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé tó ti sá lọ lálẹ́ ọjọ́ kejì, kò sí kọ́ọ̀tù tó lè pàṣẹ pé kó padà wálé.

Ibí yìí ni mo ti rí i pé ẹ̀kọ́ tó tọ́ sí òṣìṣẹ́ ìdìbò ju bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ lọ. Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí ẹ̀rọ bá kú. Kó mọ̀ pé ìwé èsì tí òun àti àwọn aṣojú ẹgbẹ́ jọ fọwọ́ sí ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀, pé àwọn aṣojú ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀dà tiwọn, pé ó gbọ́dọ̀ lẹ ọ̀kan mọ́ ara ògiri níbẹ̀ kí ará àdúgbò lè kà á, kí wọ́n fi fóònù tiwọn yà á. Kó sì lè la ẹnu ṣàlàyé fún àwọn ènìyàn ní èdè tí wọ́n gbọ́: "Ẹ̀yin òbí mi, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, ohun tí mo ṣe sí i nìyí, èsì yín ló wà lára ògiri yìí." Èdè Yorùbá tí àwọn ẹlòmíràn nínú ọgbà yìí ń fi ṣe wá yẹ̀yẹ́ pé a ń kọ́, ibẹ̀ ló ti máa wúlò ju bọ́tìnnì lọ.

Àti pé, ẹ wo ẹ̀yìn díẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, kò sí BVAS, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn òbí wa tẹ ìka ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n ju ìwé sínú àpótí ní gbangba, wọ́n kà á níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Títí dòní, ìbò yẹn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń pè ní èyí tó mọ́ jù lọ nínú ìtàn wa. Ibi tó ti bàjẹ́ kì í ṣe ìdí àpótí. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ìjọba ológun Ibrahim Babangida fagi lé e. Ohun tó mú ìbò ọjọ́ náà mọ́ ni pé ojú pọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ tí mo rò pé ẹ̀rọ wá ṣe kò ju èyí lọ: kó fi kún iye ojú tó ń wò. Kenya kọ́ wa ní ìdàkejì rẹ̀. Lẹ́yìn ìbò oṣù kẹjọ ọdún 2017, ilé ẹjọ́ wọn ní kí àjọ elétò ìdìbò ṣí server fún àyẹ̀wò, àjọ náà kò ṣe é tán. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ fagi lé ìbò ààrẹ náà. Ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò lè wo inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa láti tẹ ìka.

Ẹ má sì rò pé mo ń sọ pé ìmọ̀ nìkan ti tó. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 2021, kọ́ọ̀tù kan ní Ikot Ekpene rán ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta nítorí pé ó yí èsì ìbò ọdún 2019 padà ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom. Ọ̀jọ̀gbọ́n! Kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a lè ṣe fún un tó máa kọjá èyí tó ti kàwé rẹ̀. Ìmọ̀ láìsí ìwà, olè tó mọ ọ̀nà ilé ni. Ṣùgbọ́n ìwà láìsí ìmọ̀ ńkọ́? Ọlọ́dẹ tó jẹ́ ènìyàn rere ni, àmọ́ kò mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kó tì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí kò yẹ kí n fò. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ní, "Ìwọ ń sọ ti ẹ̀ṣẹ̀ òṣìṣẹ́, ta ló ń sọ ti ẹ̀mí rẹ̀?" Òótọ́ ni. Lẹ́yìn ìbò ààrẹ ọdún 2011, wọ́n pa àwọn agùnbánirọ̀ tó ṣiṣẹ́ ìdìbò ní ìpínlẹ̀ Bauchi. Ọmọ bíi tiwa ni wọ́n. Bí ìlú bá fẹ́ bèèrè ìmọ̀ àti ìwà lọ́wọ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, ó di dandan kí ìlú fún un ní ààbò, ibi tó máa sùn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àti ẹni tó máa gbé fóònù rẹ̀ nígbà tí nǹkan bá le. Ẹni tí kò pèsè èyí kò lẹ́nu láti gé ìka ẹnikẹ́ni. Mo sì gbà pé ẹni tí wọ́n na ìbọn sí, tó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ tó sá, kò ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní rí ìbọn. Ohun tí a ó rí ni ìyá àgbà tí ìka rẹ̀ ti pa rẹ́, àti ìlà gígùn, àti oòrùn, àti aṣojú ẹgbẹ́ tó ń pariwo. Níbẹ̀ ni ìdánwò wà.

Kí òṣìṣẹ́ ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n máa ń mú un búra pé kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ìbúra kì í ṣe ohun eré nílẹ̀ Yorùbá. Nínú kọ́ọ̀tù, oníṣẹ̀ṣe máa ń fi irin búra. Irin fúnra rẹ̀ kì í búra, ènìyàn ló ń fi irin búra. Bẹ́ẹ̀ náà ni BVAS. Irin ni, bátìrì ni, gíláàsì ni. Kò la ẹnu sọ pé òun ó ṣe òótọ́. Ẹni tó dì í mú ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìbúra pé "n kò ní ṣègbè" kò sì pé bí kò bá ní "mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ ṣe" nínú. Nítorí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ń ṣègbè láìmọ̀: ó ń gbè sẹ́yìn ẹni tí ẹ̀rọ tètè dá mọ̀, lòdì sí ẹni tí ẹ̀rọ kò tètè dá mọ̀. Àwọn àgbẹ̀, àwọn arúgbó, àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ líle, àwọn ló sì máa ń wà lápá ibi tí ìyà ń jẹ.

Nítorí náà, bí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ìdìbò bá tún jáde, tí a sì ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nípa iye tí wọ́n máa san, ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un. Bí wọ́n bá pè ọ́ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, lọ, kó o sì jókòó níwájú. Bèèrè pé kí wọ́n fún ọ ní ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Tàn án, pa á, tún un tàn. Bó ọ̀rá ojú rẹ̀. Ní kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ tẹ ìka tó dọ̀tí, kó o rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bi olùkọ́ pé, "Bó bá kọ̀ ńkọ́? Bó bá tún kọ̀ ńkọ́?" Bí wọn kò bá jẹ́ kó o fọwọ́ kàn án, pariwo, kí gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́. Bí o bá sì rí i nígbẹ̀yìn pé o kò mọ̀ ọ́n, fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Owó tí o kò gbà kò lè wọ ọ́ lọ́rùn.

Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí kò gùn ju ọjọ́ méjì mẹ́ta lọ ni, wọn kì í sì í sábà rántí orúkọ ẹni tó ṣe é. Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ó jókòó sẹ́yìn tábìlì nínú ìbò tó ń bọ̀. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire. Kí ẹ má ṣe rán ìyá ẹnikẹ́ni padà sílé láìdìbò.